Àkísà Àgbà

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bí tiyín, mo rò pé òwe yìí kò ju ohun tí àwọn arúgbó fi ń tu ara wọn nínú lọ, nítorí n kò rí ohun tí ènìyàn lè fi àkísà ṣe níbi tí aṣọ tuntun bá wà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìlú wa, ní agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì, tí ó fi ìtumọ̀ òwe náà hàn mí, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ìtàn náà kò bu ọlá fún mi. Bí ó bá ṣe pé iyì ara mi nìkan ni mo ń wá, èmi ì bá fi pamọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí ni yóò fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì ti ń gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní ìlú wa, tí àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣòwò àti àwọn olùkọ́ jọ dá sílẹ̀. Olúkúlùkù a máa dá owó sí àpò ẹgbẹ́, ẹni tí ó bá sì ń dá tirẹ̀ déédéé ní ẹ̀tọ́ láti yá ìlọ́po méjì ohun tí ó ti fi pamọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a máa san tiwọn ní ìparí oṣù. Àwọn tí ń ná ọjà a máa san tiwọn ní ọjọ́ ọjà, èyí tí à ń ná ní ọrọọrún. Àwọn kan sì wà nínú wọn, pàápàá àwọn ìyá àgbà tí ọjà wọn kò pọ̀, tí wọ́n yàn láti máa san ní ìtàdógún. Ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó san yóò san 200 náírà gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Bí ó bá pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàrin sáà kan, a ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tí ó lè yá owó ní sáà náà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà jẹ́ olùkọ́ ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìlú ní í máa pè é ní Bàbá Akọ̀wé. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún kí ó tó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, tí ó ra ìwé, tí ó sì kọ́ ara rẹ̀ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ètò tí ń ṣírò owó ẹgbẹ́, ètò náà sì ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wí pé òun pàdánù kọ́bọ̀ kan.

Nígbà tí ojú Bàbá Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ẹgbẹ́ gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Láti ọdún 2011 tí Ìjọba Àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí ó sì ní ọgbà mìíràn ní Ìkọ̀lé, ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà kò wọ́n ní agbègbè wa mọ́. Èmi náà sì wà lára wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ni, ọrùn mi sì le.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ṣí ètò bàbá náà wò. Ó tó ìlà 1,800. Ohun kan náà ni ó kọ sí ibi mẹ́rin, bí ẹni tí ó gbàgbé pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀. Ó fún àwọn abala kan ní orúkọ Yorùbá: ọrún, ìsán, ìtàlá, ìtàdógún. Ó sì ju àwọn nọ́ńbà kan sínú wọn láìṣe àlàyé kankan: 4, 8, 12, 16. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan kí ó wá wò ó. Mo wí fún un pé, “Wo àkísà tí wọ́n fi ń bo owó gbogbo ìlú yìí mọ́lẹ̀.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ búburú. Àtúntò kóòdù ni. Martin Fowler, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1999, àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sì ń kà á títí di òní. Ìlànà iṣẹ́ náà kò ṣòro láti sọ: kí a tún inú ètò náà tò, kí ó lè rọrùn fún ẹlòmíràn láti kà àti láti fi kún, ṣùgbọ́n ohun tí ètò náà ń ṣe fún àwọn tí ń lò ó kò gbọdọ̀ yí padà. Ó dà bí ìgbà tí ìyá yín bá tún ilé ìdáná tò. Ó lè gbé àdó kúrò ní ìsàlẹ̀ sí òkè, ó lè kó ìkòkò tí ó ti fọ́ dànù, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí ẹ ó jẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ korò nítorí pé ó tún ilé ìdáná tò.

Láyé ìgbà kan, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ì bá gbà mí ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ GitHub fi olùrànlọ́wọ́ kan tí ń jẹ́ Copilot han aráyé, èyí tí ń bá ènìyàn kọ kóòdù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT jáde. Láti ìgbà náà, irú wọn ti di púpọ̀. Wọ́n ti fi ìwé àti kóòdù tí kò lóǹkà kọ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Láti inú ohun tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sí wọn. Wọn kì í sùn, wọn kì í bínú, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá kò sì tó iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú wọn.

Mo kó gbogbo ètò Bàbá Akọ̀wé fún ọ̀kan nínú wọn, mo sì pàṣẹ fún un pé, “Tún èyí tò, kí o sì mú gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀ kúrò.” Ẹ kíyè sí àṣẹ yìí dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni mo so pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Ẹni tí ń tún ilé tò kò ní ẹ̀tọ́ láti yí ohunkóhun padà nínú ìṣe ilé náà. Ẹni tí ń mú àṣìṣe kúrò ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó tọ́. Èmi kò mọ ohun tí ó tọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo rán ẹlòmíràn níṣẹ́ kí ó lọ mú ohun tí kò tọ́ wá.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi dáhùn. Ìlà 1,800 ti di 600. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní bí àgbàlá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ó sì to àwọn ohun tí ó yí padà lẹ́sẹẹsẹ fún mi. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ìtàdógún túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà 16 tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ àṣìṣe, òun sì ti sọ ọ́ di 14. Mo kà á, mo sì mi orí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ní ọjọ́ náà pé kí ni ìtàdógún, èmi náà ì bá wí pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, nítorí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìtumọ̀ ọrún àti ìsán àti ìtàlá, nítorí náà kò fọwọ́ kan nọ́ńbà inú wọn. Èyí tí ó rò pé òun mọ̀ ni ó bàjẹ́.

Mo fi ètò tuntun náà sí ẹnu iṣẹ́. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì gbà á bí ẹ̀tọ́ mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjìdínláàádọ́ta, ètò náà yọ orúkọ àwọn ìyá mẹ́sàn-án kúrò nínú ìwé àwọn tí ó lè yá owó. Ó wí pé olúkúlùkù wọn ti pẹ́ san ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. N kò yà á sí nǹkan kan. Mo wí nínú ara mi pé ọjọ́ ogbó ti ń dé sí wọn, wọ́n ti ń gbàgbé ọjọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra fún irú èrò yìí, nítorí ó yára wọ inú ọkàn, kì í sì í yára jáde.

Ọ̀kan nínú wọn, ìyá kan tí ń ta ògì, wá bá mi ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ó fẹ́ yá owó tí yóò fi san owó ìdánwò WAEC fún ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo ju òun lọ, ó sì wí pé, “Ọmọ mi, ọjọ́ ọjà ni mo ń san tèmi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ẹgbẹ́ yìí, n kò fo ọjà kan rí.”

Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Mo wí pé, “Màmá, ẹ wò ó. Ọjọ́ méjì méjì ni ẹ fi pẹ́. Ẹ̀rọ kì í purọ́.”

Ó wo ojú ẹ̀rọ tí kò lè kà. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi. Ó ní, “Ó dára, ọmọ mi,” ó sì jáde lọ. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ tí mo fẹ́ rántí, ṣùgbọ́n ojú tí ó fi wò mí kò tíì kúrò ní ọkàn mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Bàbá Akọ̀wé ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, ó sì ní kí n jókòó. Kò bá mi wí. Ìbéèrè ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí ó jẹ́.

“Ọjọ́ mélòó mélòó ni a ń ná ọjà wa?”

“Ọrọọrún ni, bàbá.”

“Bí a bá ná an lónìí, tí o sì ka òní sí ọ̀kan, ọjọ́ kelòó ni a ó tún ná an?”

Mo fi ìka kà á. “Ọjọ́ karùn-ún ni.”

“Oorun mélòó ni ìwọ yóò sùn kí ó tó pé?”

Mo tún un kà. “Mẹ́rin ni, bàbá.”

“Ó tọ́. Àwọn baba wa a máa ka òní mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà kì í ka òní mọ́ ọn. Oorun ni kọ̀ǹpútà ń kà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ 4 síbi tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọrún. Ìsán jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, oorun mẹ́jọ ni. Ìtàlá jẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, oorun méjìlá ni. Kí ni ìtàdógún?”

Nígbà yìí ni etí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò fetí sí i rí. Ẹ̀tàdínlógún ni ó wà nínú rẹ̀. “Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni, bàbá. Oorun mẹ́rìndínlógún.”

“Ọjà ń bọ́ sí oorun kẹrin, ìkẹjọ, ìkejìlá, ìkẹrìndínlógún. Ìwọ tí o lọ sí yunifásítì, ṣé o lè fi mẹ́rin pín mẹ́rìnlá kí nǹkan má ṣẹ́kù?”

N kò lè dáhùn. Ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ni mo fò kọjá. Bí mo bá ti fi mẹ́rin pín mẹ́rìnlá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ì bá ti mọ̀ pé ọjọ́ kẹrìnlá kò lè jẹ́ ọjọ́ ọjà láéláé. Àwọn ìyá náà ń san ní ọjọ́ ọjà gan-an, bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá. Èmi ni mo gbé ọjọ́ náà kúrò ní ipò rẹ̀, tí mo sì wá ń bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi dé ibẹ̀.

Bàbá Akọ̀wé mí kanlẹ̀, ó sì wí ohun kan tí n kò retí. Ó ní, “Èmi náà kò ṣàìjẹ̀bi. Ó yẹ kí n kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Mo rò pé kò sí ọmọ Èkìtì tí yóò bi mí léèrè ohun tí ìtàdógún jẹ́.”

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ tààrà sí ilé ìyá ológì. Mo bá ọmọ ọmọ rẹ̀ níwájú ilé tí ó ń ka ìwé. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò rẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé Ọlọ́run ti yọ mí. Nígbà tí ìyá náà jáde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún un. Ó gbé mi dìde. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ ibi tí owó ìdánwò náà ti wá: aṣọ òkè tí wọ́n hun fún un ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni ó tà fún oníṣòwò kan tí ó ń kọjá lọ. Kò mọ orúkọ oníṣòwò náà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìlú rẹ̀. Kò sọ èyí láti fi bá mi wí. Mo béèrè ni ó fi dáhùn.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, mo dìde láti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Alága fẹ́ràn mi, ó sì fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán ni ó ti ní, “Ẹ̀rọ ni ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀.” Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, gbogbo ilé ì bá sì gbà á. Mo dúró fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè ya ẹnu. Mo wá wí pé, “Rárá o, bàbá. Ẹ̀rọ kò mọ ọjà wa, kò sì mọ àwọn ìyá wa. Èmi mọ̀ wọ́n. Ó sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe fún mi, mo sì gbà á láìbéèrè. Èmi ni mo ṣe é.” Ẹgbẹ́ dá 5,400 náírà owó ìtanràn padà fún àwọn ìyá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, a sì dá orúkọ wọn padà sínú ìwé. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè kan lọ, kò sì padà wá.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tí ó ní làákàyè a máa mọ ohun tí ó yẹ kí òun yí padà nínú iṣẹ́ tí a rán òun, nítorí ó mọ ẹni tí ó rán an, ó sì mọ ẹni tí a rán an sí. Ẹ̀rọ olùrànlọ́wọ́ kò mọ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni ó mọ̀, ohun tí a sì ti kọ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ju èyí tí a ti kọ ní èdè Yorùbá lọ fíìfíì. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ka ohun tí ó wà ní ọkàn Bàbá Akọ̀wé nìkan. Ẹni tí ó lè bi í léèrè ni èmi, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tèmi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má fọwọ́ kan ohun àtijọ́. Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1996, àwọn ará Yúróòpù ta ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan tí ń jẹ́ Ariane 5 sókè láti Kourou ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi fọ́ yángá ní ojú ọ̀run pẹ̀lú sátẹ́láìtì mẹ́rin tí ó gbé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé abala kan nínú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni a mú wá láti ara Ariane 4 tí ó ṣáájú rẹ̀. Abala náà ṣiṣẹ́ dáadáa fún ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìrìn ti èkejì yá jù ú lọ, nọ́ńbà kan sì tóbi ju àyè tí a fi sílẹ̀ fún un lọ. Èyí tí ó dùn wọ́n jù ni pé ìṣirò tí abala náà ń ṣe kò wúlò mọ́ rárá fún Ariane 5 nígbà tí ó bá ti gbéra nílẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn fi ohun àtijọ́ sílẹ̀ láìbéèrè ìdí rẹ̀. Èmi mú ohun àtijọ́ kúrò láìbéèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀nà wa yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wa kò yàtọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà.

Nítorí náà, n kò ju ẹ̀rọ olùrànlọ́wọ́ náà nù. Mo dá ètò àtijọ́ padà sí ẹnu iṣẹ́, nítorí mo ní ẹ̀dà rẹ̀ ní ìpamọ́, mo sì tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Èmi àti Bàbá Akọ̀wé mú káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjìlá, a sì fi pẹ́ńsù ṣírò ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù wọn ní. Mo sọ ìdáhùn wọ̀nyí di ìdánwò tí kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe nígbàkigbà tí a bá yí ìlà kan padà. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjìlá bá yàtọ̀ sí ti orí ìwé, a kò ní lọ síwájú. Lẹ́yìn èyí ni mo wá fún ẹ̀rọ náà ní iṣẹ́, abala kékeré kan lẹ́ẹ̀kan. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yí nọ́ńbà kankan padà, àti pé ohun tí kò bá yé e, kí ó bi mí. Ohun tí ó bá sì bi mí tí èmi náà kò mọ̀, mo gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Akọ̀wé. Ìdáhùn tí mo bá gbà níbẹ̀, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà ní èdè tí ó yé ènìyàn.

Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rọ náà sì ràn wá lọ́wọ́ gidigidi. Òun ni ó fi hàn wá pé bí iná ọba bá kú nígbà tí a ń kọ owó sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìdajì ìṣirò wọlé kí ìdajì má sì wọlé. Àìlera kan nìyẹn tí ó ti wà nínú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá Akọ̀wé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun fura sí i tipẹ́, ìdí nìyẹn tí òun fi ń kọ gbogbo owó sínú ìwé kí òun tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí a ti ń tún un ṣe. Ẹ rí i pé ohun tí àgbà kò lè ṣe, ẹ̀rọ ràn wá lọ́wọ́ láti ṣe é. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè mọ̀, àgbà mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo wà láàrin àwọn méjèèjì, iṣẹ́ mi kò ju pé kí n béèrè lọ, kí n sì fi ọkàn gbọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ayé tí ẹ ń wọ̀ lọ yìí, ẹ̀rọ yóò máa bá yín ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ má ṣe kẹ́gàn rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi orí yín fún un. Kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, ẹ mọ ohun tí ó ń ṣe fún àwọn ènìyàn, kí ẹ sì dán an wò nígbà tí ẹ bá ti tún un ṣe tán. Ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Bí ohun tí ẹ ṣe bá sì pa ẹnìkan lára, ẹ má ṣe na ìka sí ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ tí a parí iṣẹ́ náà, mo bi Bàbá Akọ̀wé bóyá kí á fún àwọn abala náà ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè rọrùn fún ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀ títí di òní: ọrún, ìsán, ìtàlá, ìtàdógún. Àlàyé ìlà mẹ́rin sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbàkigbà tí mo bá ń kọjá ní ọjọ́ ọjà, mo máa ń yà kí ìyá ológì. Ó máa ń dáhùn tìfẹ́tìfẹ́, ó sì máa ń pè mí ní ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń wo aṣọ tí ó wọ̀, tí mo sì máa ń rántí èyí tí kò sí mọ́.